Fóònù Tí Kò Tutù

Iná ti kú nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Ruprecht Osterloh dé ilé tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ní Göttingen, nílẹ̀ Jámánì, ṣùgbọ́n èéfín ṣì ń yọ lójú fèrèsé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Knuth, àgbà ọlọ́dẹ ilé náà, kàn yà láti bomi rin òdòdó rẹ̀ ni, iná sì ká a mọ́ inú ilé. Wọ́n ti sáré gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì tí ì lajú. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, Osterloh rí àwọn àfọ́kù ìgò tó ń rùn fún bẹntiróò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti mú ènìyàn. Òfin tuntun ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa pa àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù oníkálukú bá dé mọ́, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbòmíràn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé fóònù Dörte Hinrichsen wà lẹ́yìn ilé náà gan-an nígbà tí iná ràn. Bẹ́ẹ̀ Dörte, olùkọ́ ilé-ìwé, ni olórí àwọn aráàlú tó ń tako òfin ọ̀hún.

"Ó parí!" ni Haverkamp, ọ̀gá Osterloh, wí. "Kò fẹ́ ká mọ ibi tóun ń lọ, àṣé ó mọ ìdí ẹ̀!"

"Àwọn èèyàn rẹ̀ ní ó wà nípàdé pẹ̀lú àwọn, ọ̀gá."

"Kí lo fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ? Ẹ̀rọ ò lọ́rẹ̀ẹ́. Tí bàbá yẹn bá kú, ẹ̀wọ̀n gbére ni."

Osterloh kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ Dörte rárá, wọ́n yájú jù fún un. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí, nítorí ó ti rọrùn jù. Ó wọlé tọ obìnrin náà lọ. Ojú Dörte pọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

"Ìyáàfin, níbo ni fóònù yín wà nígbà ìpàdé?"

"Nínú firíìjì."

"Nínú kí ni?"

"Firíìjì Volkmar Thiess, akọ̀wé wa. Ilé ẹ̀ la ti pàdé. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń kó fóònù sí kí ẹnikẹ́ni má baà tipasẹ̀ wọn fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín, irú yín ló kọ́ wa."

Osterloh kò rẹ́rìn-ín. "Nígbà tẹ́ ẹ mú un jáde ńkọ́?"

"Tàwọn yòókù tutù bíi yìnyín, wọ́n tiẹ̀ ń fi í kan ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ ṣeré. Tèmi ò tutù. Mo rò pé mi ò gbé e síbi tó dáa ni."

"Ta ló jáde kí ìpàdé tó parí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àfi Volkmar tó lọ da ìgò nù nígbà tá à ń jẹ kéèkì. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ti gbóná, ta ló ráyè tìgò?"

Osterloh kò dúró gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba àdúgbò Thiess lọ, ó sì kan ilẹ̀kùn Ìyáàfin Pagel, ìyá àgbà tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àpótí irin ńlá tí gbogbo àdúgbò ń ju ìgò òfìfo sí.

"Ìgò? Lọ́jọ́ Àìkú?" Ìyá náà gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ta ló tó bẹ́ẹ̀! Lọ́dún tó kọjá, àlejò kan ju ẹyọ kan péré síbẹ̀, mo sì pe ọlọ́pàá. Ṣebí ìwọ náà lo wá!"

Osterloh rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ó sì ní kí wọ́n lọ mú Thiess wá.

Wọ́n jókòó sínú yàrá kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, òun, Haverkamp, Dörte àti Thiess, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò yé fọwọ́ nu jígí ojú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Thiess, ibo lẹ kó ìgò lọ?"

"Ibi àpótí. Mo jù wọ́n síbẹ̀ tán, mo padà sílé."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Wọ́n tiẹ̀ pariwo díẹ̀."

"Lójú fèrèsé Ìyáàfin Pagel? Lọ́jọ́ Àìkú?"

Ọwọ́ Thiess dúró lójú jígí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, ọmọ kékeré mọ̀ pé a kì í ju ìgò sínú àpótí lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí ariwo rẹ̀.

"Ìyá yẹn ò gbọ́ nǹkan kan," ni Osterloh wí. "Bẹntiróò ló wà nínú ìgò yín. Ẹ̀yin lẹ nilé, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè ìdí tẹ́ ẹ fi ṣí firíìjì. Ẹ mú fóònù Dörte lọ, ẹ dá a padà nígbà tó kù díẹ̀ kí ìpàdé parí, kò sì ráyè tutù."

"Àkọsílẹ̀ ò sáà purọ́," ni Haverkamp kùn. "Fóònù wà níbẹ̀."

"Fóònù ló wà níbẹ̀, ọ̀gá. Èèyàn lẹ mú."

Thiess bú sẹ́kún. "Mi ò mọ̀ pé bàbá wà nínú ilé! Dörte, mo fẹ́ kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ wọn dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi ni. Lẹ́yìn náà ni màá wá jẹ́wọ́, gbogbo ayé á sì rí i pé òótọ́ là ń sọ!"

Dörte kọjú sí i. "Nígbà tí wọ́n dè mí lọ, ìwọ lo jókòó ti ọkọ mi, tó o ní kó fọkàn balẹ̀." Ó wò ó lójú kòrókòró. "Ìgbà wo lo fẹ́ jẹ́wọ́, Volkmar?"

Dörte mú kóòtù rẹ̀, ó sì jáde.