Àwẹ̀ró Kò Sọ Fún Ẹnikẹ́ni

Ọjọ́ ọjà Èjìnrìn ni, lọ́dún 1954. Kí oòrùn tó yọ, àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ ti kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti lọ. Àwọn ọkùnrin wà lóko, àwọn ọmọdé wà ní ilé kéú. Nínú agbo ilé Sànúsí, Àwẹ̀ró nìkan ló kù.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Lùkúmàn, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹja ni ìyá náà ń yan tà, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé ẹja Àwẹ̀ró kì í jóná.

Ohun tí ẹnì kankan kò mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ọdún kejì rèé tí kùrukùru ti bo ti ọ̀tún pátápátá, tòsì náà sì ti ń ṣe bàìbàì. Ìṣísẹ̀ ló ń kà: mẹ́rìnlá láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, mẹ́sàn-án láti ìdí kànga dé ahéré tó ti ń yan ẹja. Ohùn ló fi ń dá ènìyàn mọ̀. Bí wọ́n bá ní kó wo nǹkan, á ní, "Mo ti rí i."

Ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà tí ojú Rọ̀kíbátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọ́, àwọn ọmọ gbé e lọ sí Èkó. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi gbọ́ ikú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà yìí, kí àwọn obìnrin tó lọ, Àwẹ̀ró ti koná sábẹ́ ẹja, ó ti padà sílé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé korobá, ó ń lọ pọnmi. Ẹnì kan ti gbé odó sójú ọ̀nà. Ìṣísẹ̀ kọkànlá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ odó náà. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, nǹkan sì ró pá ní ìbàdí rẹ̀.

Ó fẹ́ dìde. Ìrora tó gùn ún mú kó jẹ iyẹ̀pẹ̀.

"Fàlílátù o!" Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n Fàlílátù wà ní Èjìnrìn.

"Sàlísù!" Sàlísù, àbúrò ọkọ náà, wà lóko.

Ewúrẹ́ kan wá gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Oòrùn gun orí. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, kò lè pariwo mọ́. Ó gbọ́ ìpè ìrun Àyílà ọ̀sán, ó sì ń ṣe kálímà níbi tó wà, torí ó rò pé ó ti parí.

Lẹ́yìn náà ni òórùn kan dé. Kì í ṣe ti ẹja. Imọ̀ tí wọ́n fi bo ahéré ló ń jó.

Ó gbọ́ bó ṣe ń ta ṣáṣá. Ooru àti èéfín rẹ̀ bò ó yí ká. Ó fẹ́ fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ kúrò, àmọ́ ìṣubú náà ti yí i padà, kò mọ ibi tó dorí kọ mọ́. Tó bá wọ́ lọ, ṣé ilé ló ń lọ ni, àbí inú iná? Kò wọ́ síbì kankan.

"Ìyá, ẹ kú ilé o! Ẹja ti dé!"

Matthias ni, apẹja Ìlàjẹ tó ń kó ẹja wá fún un láti etí ọ̀sà.

"Matthias! Gbà mí!"

Ó ju agbọ̀n ẹja sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé ìyá kúrò, ó wá fa imọ̀ tó ń jó lulẹ̀, ó sì da omi kànga lé e títí iná fi kú. Lẹ́yìn náà ló pọ̀n ọ́n dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà níwájú ọjà.

"Egungun ìbàdí sán, kò dá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Orí yọ yín lónìí, Ìyá."

Ní ọjọ́ kẹta, Lùkúmàn dé ilé ìwòsàn náà, ó bá Fàlílátù, Sàlísù àti Matthias níbẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ń bá mi lọ sí Èkó."

Àyà Àwẹ̀ró já. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò mọ ìṣísẹ̀ ibẹ̀, tí kò mọ ohùn ẹnikẹ́ni! "Lùkúmàn, bí o bá gbé mi kúrò nílé mi, o pa mí nìyẹn."

"Ilé yín náà ló fẹ́ẹ̀ pa yín!"

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀bí ti ń wo ìyá náà fún ìgbà díẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. "Ìyá, ìka mélòó ni mo nà sókè?"

"Mẹ́ta."

"Mi ò tíì na ìka kankan, Ìyá."

Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Àwẹ̀ró. "Mo rò pé tí mo bá sọ, ẹ ó gbé mi lọ bí wọ́n ti gbé Rọ̀kíbátù lọ."

Fàlílátù bú sẹ́kún. "Ìyá, èmi ni mo gbé odó yẹn síbẹ̀! Ká ní mo mọ̀ ni!"

"Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n," ni nọ́ọ̀sì wí fún Lùkúmàn. "Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àgbà lè gbé nílé ara rẹ̀ bí àwọn tó yí i ká bá mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, tí wọ́n sì pín ìtọ́jú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ ta okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan sójú ọ̀nà. Kó má dá koná mọ́. Dókítà ojú wà l'Ékòó. Wọ́n lè ṣí awọ funfun tó bo ojú yẹn. Kì í ṣe gbogbo ojú ló ń là, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ta ni yóò máa ṣe gbogbo èyí?" Lùkúmàn kò gbà á gbọ́. "Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọn yóò fi ṣe é."

"Tí mo bá ti kírun Àsùbáà tán láàárọ̀, màá kan ilẹ̀kùn wọn," ni Fàlílátù wí. Sàlísù ní òun yóò máa ti oko wá wò wọ́n lẹ́yìn ìrun Alásárì ní ìrọ̀lẹ́.

Matthias họ orí. "Èmi kì í lọ Èjìnrìn. Ọjọ́ ọjà, ẹ fi Ìyá sílẹ̀ fún mi."

Lùkúmàn wò wọ́n títí. Ó ní kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta dán an wò, òun náà yóò sì máa wá lóṣooṣù.

Lùkúmàn mú un lọ bá dókítà l'Ékòó, ó sì mú un padà sílé. Dókítà rí ojú òsì ṣe. Ti ọ̀tún kò ṣeé ṣe mọ́. Ọ̀pá ni Àwẹ̀ró fi ń rìn báyìí. Ẹ̀rù ṣì ń bà á nígbà míì tó bá gbóòórùn èéfín.

Ní oṣù kejì, Fàlílátù kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn Àsùbáà, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Ibà ti gbé ìyá ṣánlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Kí oòrùn tó gókè, wọ́n ti gbé ìyá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó sì yè é. Láti ọjọ́ náà, Lùkúmàn kò dárúkọ Èkó mọ́.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì, bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi gbígbé kúrò nílé dẹ́rù bà wọ́n, kí wọ́n má baà fi àìsàn pamọ́ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́.

Ẹni tí ó bá sì ní arúgbó ládùúgbò, yálà ìbátan rẹ̀ ni tàbí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, kó lọ kan ilẹ̀kùn náà láàárọ̀. Kó má ṣe kúrò níbẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ohùn; bí kò bá sì gbọ́, kó ti ilẹ̀kùn wọlé.