Ohun Tí Wọ́n Bí Mọ́ Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́, kì í ṣe ọ̀bẹ ló gbé wá pọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé wá.

Abẹ rírọ àti abẹ pípọ́n ni iṣẹ́ Jẹ́jẹ́. Abẹ tí àwọn onítẹ̀wé fi ń gé etí ìwé, ọ̀bẹ àwọn tó ń gé awọ, irin ìfági àwọn káfíńtà, òun ló ń rọ wọ́n, òun náà ló ń pọ́n wọn. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí láti ọjọ́ tó ti gba ṣọ́ọ̀bù náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ kó gbé ohùn sókè rí. Bí òòlù bá já lé e lẹ́sẹ̀, á ní "Hẹ̀n," á sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

"Ẹ káàbọ̀. Ọ̀bẹ dà?"

"Mi ò mú ọ̀bẹ wá. Ìbéèrè ni mo mú wá."

Káfíńtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọ orí síta. "Ìbéèrè? Jẹ́jẹ́, ìyẹn ò ṣe é fi òkúta pọ́n o."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí kan, ó jókòó láì dúró kí wọ́n fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó ń ka Yorùbá ló ti ń ṣiṣẹ́. Apá tí wọ́n pín fún un ni àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí wọ́n bí mọ́ èèyàn. Kì í sì í kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ títí á fi tọ́ ọ dé ìdí gbòǹgbò rẹ̀. Nítorí èyí, Ìtumọ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní 'temper'," ó wí. "Kí wọ́n po nǹkan pọ̀ níwọ̀n-níwọ̀n ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ gbà pé oje mẹ́rin ló wà lára èèyàn, pé bí wọ́n bá ṣe pò mọ́ra ni ìwà olúwa rẹ̀ ṣe máa rí. Ẹni tí tirẹ̀ bá pò dáadáa, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní 'temper'. Ẹni tó bá bínú, wọ́n á ní ó ti sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ẹ bá sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnì kan ní in, ìbínú lẹ sọ pé onítọ̀hún ní."

Jẹ́jẹ́ gbé òòlù sílẹ̀. "Ìfarabalẹ̀ ló wá di ìbínú?"

"Ẹ ò rí i bí? Wọ́n sì tún ń lò ó fún irin. Wọ́n ní kí n wá wo tirin lọ́dọ̀ yín."

Jẹ́jẹ́ kọjú sí iná. Ó mú irin pẹlẹbẹ méjì tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó kì wọ́n bọ iná títí wọ́n fi pọ́n yòò, ó rì wọ́n sínú òróró. Èéfín sọ. Ó mú ọ̀kan, ó là á mọ́lẹ̀. Ó ṣẹ́ bí àwo.

"Irin tó bá le báyìí, líle lásán ni," ó wí. "Ó ní láti padà síbi iná, ṣùgbọ́n iná díẹ̀ báyìí."

Ó fi yanrìn nu èkejì títí ó fi ń dán, ó sì gbé etí rẹ̀ kan lé iná. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lára rẹ̀. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ló ṣáájú, pupa rúsúrúsú tẹ̀ lé e, elésè àlùkò tẹ̀ lé ìyẹn, aró ló kẹ́yìn. "Bí mo bá yọ ọ́ ní àwọ̀ koríko, abẹ ìgéwèé nìyẹn. Bó bá dé aró, ó ti rọ̀ tó láti tẹ̀ kó má ṣẹ́. Ti sìpíríǹgì nìyẹn."

"Bó bá kọjá ibi tí ẹ fẹ́ ńkọ́?"

"Màá dá a padà sínú iná, màá tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí iná fi sára irin tí iná ò lè mú kúrò."

Ìtumọ̀ gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó tutù. Ó ń yí i síwá sẹ́yìn nínú oòrùn bí ọmọdé tó rí òṣùmàrè. Jẹ́jẹ́ ń wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí òun.

"Ẹ máa mú un lọ," ó wí.

Ìtumọ̀ tún padà wá. Bó ti ń kúrò níbi iṣẹ́ ló ń gba ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni mú àlejò wá kí wọn. Ó sọ fún un pé "genius", tí wọ́n ń pe ọ̀mọ̀ràn lónìí, ẹ̀mí kan ló jẹ́ láyé àtijọ́, tí wọ́n gbà pé wọ́n bí mọ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, tó sì ń tẹ̀ lé e títí ọjọ́ ikú.

"Bí orí ẹni," Jẹ́jẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Gbogbo èèyàn ló ní in. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa, tí wọ́n kó o fún èèyàn kéréje."

"Wọ́n gba tèmi náà," Káfíńtà wí láti ẹ̀yìn ògiri. "Mo ti ń wá a láti àárọ̀."

Ní ọjọ́ mìíràn, "talent" ló gbé dé. Òṣùwọ̀n fàdákà ńlá ni, ó wí. Àkàwé àtijọ́ kan ló sọ ọ́ di ẹ̀bùn àbímọ́: ọ̀gá kan fi fàdákà sọ́wọ́ àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, àwọn yòókù fi ṣòwò, ẹnì kan bẹ̀rù, ó ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí ni wọ́n ṣe fún onítọ̀hún?"

"Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún ẹlòmíràn."

Jẹ́jẹ́ fọwọ́ nu abẹ tó wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìfẹ́ wọn ò pariwo. "Ẹ" di "o", "ẹ̀yin" di "ìwọ". Ó di "Jẹ́jẹ́ mi", ó di "Ìtumọ̀ mi". Inú Jẹ́jẹ́ ń dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kò dáhùn nínú gbogbo èyí tí ọmọbìnrin náà bi í.

"Ìwọ ńkọ́, olólùfẹ́ mi? Kí ni wọ́n bí mọ́ ọ?"

"Má béèrè ìyẹn," ó wí. Ohùn rẹ̀ ò yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ohun tí kò lè sọ ni pé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú rọ irin, ọwọ́ tó sì fi ń lu irin náà ló fi ń lu ìyàwó. Ọjọ́ tó ṣẹ́ ìyá Jẹ́jẹ́ lápá, Jẹ́jẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n gbé òòlù, ó nà án sókè orí bàbá rẹ̀. Kò là á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ooru tó gba àyà rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà bà á lẹ́rù ju bàbá náà lọ. Ó ní, àṣé ó wà nínú èmi náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ti ilẹ̀kùn àyà rẹ̀ pa.

Nígbà tó yá, Ìtumọ̀ mú un lọ rí ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni màmá náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Pálọ̀ wọn mọ́ bí yàrá aláìsàn. Wọ́n gbé omi fún un, wọ́n bi í léèrè ilé baba rẹ̀, ó sì sọ òtítọ́.

Màmá gbé gíláàsì ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Alágbẹ̀dẹ ìdí afárá? Ṣé ìyá rẹ ni obìnrin tí apá rẹ̀ kán sọ́nà méjì?"

"Àwọn ni, Mà."

"Èmi ni mo di apá náà. Ó ń sọ fún mi pé òun ṣubú ní àtẹ̀gùn. Mo bi í pé àtẹ̀gùn wo ló ní ìka márùn-ún."

"Màmá," Ìtumọ̀ wí, "ọmọ tí ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá."

"Dákẹ́. Ẹni bí ni là á jọ." Wọ́n kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Àbímọ́ ni nǹkan yẹn, kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀ kó sọnù. Bí mo bá fi ọmọ mi fún ọ, ta ni yóò di apá tirẹ̀? Èmi ti fẹ̀yìn tì."

Ìtumọ̀ ń wo Jẹ́jẹ́. Gbólóhùn kan ló ń retí. Kó kàn sọ pé, "Mi ò rí bẹ́ẹ̀, Mà, mo sì fẹ́ ọmọ yín." Bó bá fẹ́, kó fọwọ́ lu tábìlì.

Ooru ọjọ́sí gòkè wá sí àyà Jẹ́jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, Mà," ó wí. "Ẹ ṣeun fún omi."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìtumọ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó sórí àpótí.

"Bínú," ó wí. "Bínú sí mi, bínú sí ìyá mi. Ṣáà sọ nǹkan kan."

"Ìyá rẹ ò parọ́."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ìyá mi parọ́. Mo ń bi ọ́ bóyá o fẹ́ mi."

Jẹ́jẹ́ ń fi òkúta pọ́n abẹ. Ìdáhùn náà wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbóná, ó sì bẹ̀rù ohun tó lè bá a jáde.

"Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ pé kò sí ohun tí iná ò lè mú kúrò," Ìtumọ̀ wí, omijé ti dé ojú rẹ̀.

"Irin ni mo sọ."

Nígbà tí Ìtumọ̀ lọ, Káfíńtà yọ orí, kò rí àwàdà kankan ṣe, ó sì fà á padà.

Òjò rọ̀, òjò dá. Jẹ́jẹ́ ń pọ́n abẹ. Ó máa ń kọjá níwájú ilé iṣẹ́ Ìtumọ̀, kò wọlé. Ó ní bí òun bá jìnnà sí i, apá rẹ̀ á wà lódindi. Ó pe ìyẹn ní ìfẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, màmá Ìtumọ̀ wọlé, àlùmọ́gàjí ìgéṣọ kan lọ́wọ́ wọn. Àlùmọ́gàjí náà ṣì mú, kò nílò pípọ́n rárá. Jẹ́jẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fi àpótí lọ̀ wọ́n.

"Mo wá tọrọ àforíjì," wọ́n wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ fín ọ níràn lọ́jọ́ yẹn ni. Mo ní, bí ó bá jogún bàbá rẹ̀, á fọ́ nǹkan nínú pálọ̀ mi. O dúpẹ́ omi, o sì lọ. Mi ò sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún ọmọ mi pé mo ti gbà, kó lọ pè ọ́ wá."

Jẹ́jẹ́ gbé ojú sókè.

"Ó ti ti ọ̀dọ̀ rẹ dé nígbà náà. Ó ní, 'Màmá, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń bà yín lẹ́rù. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń ba èmi lẹ́rù.' Ó ní òun bẹ ọkùnrin kan kó ṣáà sọ pé ó fẹ́ òun, kò sọ ọ́." Màmá tú kókó etí ìró wọn, wọ́n yọ irin pẹlẹbẹ kan. Àwọ̀ koríko, rúsúrúsú, elésè àlùkò, aró, gbogbo rẹ̀ ṣì pé lára rẹ̀. "Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Sátidé tó kọjá, òun àti onítẹ̀wé kan. Ó ní kò yẹ kí òun gbé èyí wọ ilé ọkọ."

Jẹ́jẹ́ gba irin náà. Ó fẹ́ sọ pé "Ẹ ṣeun, Mà." Ohun tó jáde kì í ṣe ìyẹn.

"Mo fẹ́ ẹ!"

Ó lọgun rẹ̀ débi pé àwọn ọ̀bẹ tó so kọ́ ògiri dún. Ó tún un sọ, ó gbá tábìlì, ó gbé òòlù, ó jù ú sílẹ̀, ó sì tún ké e lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá ò dìde, wọn ò sì fọwọ́ bo orí. Kò sẹ́ni tó fara pa. Kò sí ohun tó fọ́. Ohun tó ti ń sá fún láti ìgbà tó ti ń hu irùngbọ̀n wá jáde tán pátápátá; ẹkún ni.

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi," Màmá wí jẹ́jẹ́. "Èmi kọ́ ló yẹ kó gbọ́."

Wọ́n mú àlùmọ́gàjí wọn, wọ́n fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n lọ.

Káfíńtà sáré wọlé, ayùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Jẹ́jẹ́, ta ló ń pariwo níbí?"

Jẹ́jẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó gbé irin náà lé orí pákó níbi tí oòrùn á ti máa bà á.

"Èmi ni," ó wí.