Ihò Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Ìbíyínká, ọmọ ọdún mẹ́rin, kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1984, ní Ọ̀kà Àkókó, kí oòrùn tó yọ lórí àwọn àpáta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jẹun, ó bá Clement ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré yí ọgbà ká, ó sì kọ orin ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ìyá rẹ̀ kí ó tó sùn. Nígbà tí àkùkọ yóò fi kọ, itọ́ ti ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ọlálẹ́yẹ bàbá rẹ̀ gbé e lé èjìká, ó sáré jáde láti wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́. Wọn kò tíì jáde ní ìlú nígbà tí ọmọ náà dákẹ́.

Kò ní ibà tẹ́lẹ̀. Kò wúkọ́. Ní òwúrọ̀ kan náà, wọ́n bá adìẹ mẹ́ta lẹ́yìn ilé ìdáná tí wọ́n ti kú, tí ẹsẹ̀ wọn na gbọọrọ.

Àwọn obìnrin tí ó wá kí Lucy, ìyá ọmọ, jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ka ohun tí ojú ilé náà ti rí. Oyún Lucy wálẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó oko iṣu Ọlálẹ́yẹ kanlẹ̀. Ọlálẹ́yẹ káfíńtà kò sì rí iṣẹ́ ṣe láti ìgbà Àjíǹde. Ní báyìí, ọmọ kú, adìẹ kú.

"Gìrì tí ó bá mú ọmọ lóru, ẹyẹ ló mú un wá," ọ̀kan nínú wọn sọ.

"Ta ló kù nínú ilé yìí tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá ọkọ rẹ̀ náà ni. Àmọ́ Màmá Rachel kò sí nílé. Láti ọjọ́ Ajé ló ti lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Òkè-Àgbè."

"Ṣé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú á dúró síbẹ̀ kí ẹ lè rí i?"

Lucy gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò gbàgbé.

Màmá Rachel dé ní ọ̀sán Ọjọ́rú náà, wọ́n ti sin ọmọ. Ọgbọ̀n ọdún ni ó ti jẹ́ ọmọ ìjọ. Ìwé orin rẹ̀ kì í kúrò nínú àpò rẹ̀, áńkáṣíìfù funfun ni ó sì máa ń fi wé e. Ó dojú bolẹ̀ lórí erùpẹ̀ tútù ibojì náà, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó lọ bu omi lẹ́yìn ilé ìdáná kí ó fi bọ́jú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó padà wọlé, omi ṣì wà nínú igbá, kò bọ́jú kankan.

"Ìyàwó," ni ó wí, "kí ni ọmọ yìí jẹ kẹ́yìn?"

"Oúnjẹ tí gbogbo wa ń jẹ ni, Màmá. Ṣé oúnjẹ ló pa á?"

Ìyá àgbà gbé igbá náà kalẹ̀. Ó wo Lucy bí ẹni tí ó ń wo ọmọ kékeré tí ó dúró létí kànga.

Ní àṣálẹ́, bí Lucy ti fẹ́ ti fèrèsé, ó rí Màmá Rachel lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọkọ́ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbẹ́ ihò, ó tú nǹkan kan sínú rẹ̀ láti inú ìró rẹ̀, ó wa erùpẹ̀ bò ó, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òwìwí kan ké lórí igi ọsàn. Ìyá àgbà gbójú sókè wò ó, ó sì yára wọlé. Lucy fa fèrèsé dé.

Ní ọjọ́ kejì, ó gba ọ̀nà Etioro lọ bá Wòlíì Adégbóyèga ní ilé àdúrà rẹ̀, ó sì ròyìn ihò náà fún un. Ọkùnrin yìí ni ó pàṣẹ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un ní ọ̀sẹ̀ náà, kí oyún mìíràn lè dúró. Ààwẹ̀ náà ni ó ń gbà nígbà tí ọmọ kú.

"Ǹjẹ́ ìyá náà máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́?" Wòlíì béèrè.

"Ó tó oṣù kan báyìí, Bàbá. Agbọ̀n ló máa ń gbé, á fi aṣọ bò ó. Ọ̀nà odò ló ń gbà. Tí mo bá ní kí n bá a gbé e, á ní kí n padà lọ sùn."

Wòlíì mi orí. "Mo ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohun tí ó bò mọ́lẹ̀ yóò jáde. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá náà yóò kúrò nínú ilé yẹn, nítorí Clement."

Orúkọ Clement ni ó bá Lucy délé. Ọmọ ọdún méje ni, òun nìkan ni ó kù.

"Bàbá Clement, ìyá yín tàbí ọmọ yín," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. "Ẹ mú ọ̀kan."

"Lucy, ìyá tó bí mi ni."

"Èmi náà bí ọmọ. Mo sin ín ní Ọjọ́rú."

"Ta ló ń fún wa lóúnjẹ láti ìgbà tí n kò ti ríṣẹ́? Ṣé kì í ṣe Màmá?"

"Ẹ ò béèrè ibi tó ti ń rí i. Oko jóná, àgbàdo kò tíì gbó, kò sí ẹni tó ní iṣu ní gbogbo Ọ̀kà, àmọ́ ìkòkò Màmá kì í ṣófo. Ta ló ń fún un?"

Ọlálẹ́yẹ yíjú sí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn gbé òòlù rẹ̀ sókè, ó sì tún gbé e kalẹ̀.

Àsàmáù, ìyá Kareem, aládùúgbò wọn, tí ó ń fi etí sí i láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà, dá sí i. "Ìyá Clement, tí àjẹ́ bá ń se oúnjẹ tó dùn báyẹn, kí ó wá bá mi gbé. Èyí tó wà nílé mi kò lè se ẹ̀wà jinná."

"Ìyá Kareem, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"N kò fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Ogójì ọdún ni mo ti mọ ìyá yẹn. Kí ẹ rọra o."

Wòlíì dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú sùtánà funfun àti agogo, àwọn mẹ́fà sì tẹ̀ lé e. Àdúgbò kún àgbàlá. Ó lọ tààrà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.

"Ìyá, kí ni ẹ bò mọ́lẹ̀ níbí?"

Màmá Rachel wo erùpẹ̀ náà, ó wo Lucy. Lẹ́yìn náà, ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin yìí kúnlẹ̀ níwájú àwọn tí ó lè bí.

"Ẹ má gbẹ́ ẹ," ni ó wí. "Mo jẹ́wọ́. Èmi ni mo pa ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí n di ẹrù mi, n ó lọ sí Òkè-Àgbè, ẹ ò ní rí mi mọ́. Ẹ sáà má gbẹ́ ẹ."

Ariwo sọ. Ẹnìkan tutọ́ sílẹ̀. Ọlálẹ́yẹ dúró bí òpó, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹni tó ti jẹ́wọ́," Wòlíì wí, "kí ló tún ń bẹ̀rù nínú ihò? Ẹ gbẹ́ ẹ."

Ọlálẹ́yẹ fúnra rẹ̀ ni ó mú ọkọ́. Kò gbẹ́ ẹ jìnnà. Èèpo ni ó jáde, èèpo tí ó ti ń jẹrà, pẹ̀lú orí iṣu kan tí ó ní irun gbọọrọ. Wòlíì fi igi yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Oògùn rẹ̀ nìyí."

"Oògùn wo?" Àsàmáù ti àwọn ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú orí iṣu náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ nù kíá. "Èsúrú igbó ni. Ta ló bó èyí nínú ilé tí ọmọdé wà?"

"Èmi ni," Màmá Rachel wí láti orí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òkè-Àgbè?"

Gbogbo ojú yí sí ìyá àgbà. Láti ẹ̀yìn wọn ni ohùn Lucy ti jáde, tí ó dà bí ohùn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá mìíràn.

"Èmi ni mo bó o. Màmá lọ, kò sí nǹkan nínú ilé. Mo ti rí Màmá níbi tí wọ́n ti ń wa èsúrú létí ọgbà, èyí tí wọ́n ń sè fún wa, tí àwọn ọmọ fẹ́ràn. Mo wa méjì. Mo sè é, mo fi epo àti iyọ̀ gún un. Clement ní ó ń ta òun lẹ́nu, kò jẹ. Mo bá a wí. Bàbá wọn ní òun kò jẹun, kí n fún àwọn ọmọ. Ebi ń pa Ìbíyínká, ó jẹ tirẹ̀ tán. Omi rẹ̀ ni mo dà fún adìẹ." Ó yíjú sí Wòlíì. "Èmi kò tọ́ ọ wò. Mo ń gbààwẹ̀."

"O kò rẹ ẹ́ sínú odò?" Àsàmáù béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Odò?"

"Ọmọ mi, a máa ń gé e wẹ́wẹ́ ni, a ó fi eérú sè é, a ó wá kó o sínú agbọ̀n, kí omi odò máa ṣàn kọjá lára rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí oró rẹ̀ tó jáde. Ohun tí ìyá yìí ń gbé lọ láàárọ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá rí i ní ọ̀sán, wọn á ní káfíńtà kò lè bọ́ ilé rẹ̀ mọ́, ó ń fún wọn ní oúnjẹ ìyàn."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ọlálẹ́yẹ.

"Èmi ni mo gbìn ín," ni ó wí.

Àwọn àgbẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ wo ilẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀. Nígbà tí olè bá ń wa èsúrú ènìyàn nínú ọgbà, olóko yóò gbin ti igbó sí etí ọgbà, kí ọwọ́ olè lè kọ́kọ́ kàn án. Ẹni tí ó gbìn ín kì í sọ, kí olè má bàa gbọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Ọlálẹ́yẹ gbin tirẹ̀, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó sì sọ fún. Aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkàrẹ́ tí a tọ́ ní ìgboro. Ọlálẹ́yẹ rò pé kò sí ohun tí yóò gbé e dé etí ọgbà.

Wòlíì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Wọn kò lu agogo.

Nígbà tí àgbàlá ṣófo, Lucy jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ láti Ọjọ́rú, Màmá."

"Mo rí èèpo náà, mo mọ̀."

"Ẹ wá ń gbọ́ tí mò ń pè yín ní àjẹ́."

"Mo ti darúgbó, ọmọ mi. Orúkọ yẹn kò ní pẹ́ lára mi. Èyí tí ì bá wà lórí rẹ, ìyá tó pa ọmọ rẹ̀, títí láé ni o ó máa gbé e, o sì ní Clement láti tọ́." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí n gbé e lọ fún ọ. Kò gbà."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Màmá Rachel lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ èèpo kò tíì kúrò ní àdúgbò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àjẹ́ ti dé Ìkàrẹ́. Bí ó ti jókòó, àwọn obìnrin tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì náà kó aṣọ wọn jọ, wọ́n sì sún lọ sí òpin kejì. Ó ṣí ìwé orin rẹ̀. Ó dá kọrin.

Nígbà tí akọ̀wé ìjọ ka ìkéde tán, tí ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, Lucy sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn akọrin pẹ̀lú aṣọ akọrin lọ́rùn. Ó wá dúró ti bẹ́ǹṣì ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá Rachel di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń fà á.

"Jókòó," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Lucy, jọ̀wọ́, jókòó."

Lucy gbá ọwọ́ arúgbó náà mú, kò sì jókòó.

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa," ni ó wí, "èmi ni mo se oúnjẹ náà."