Ohùn Tó Ń Dúró De Èsì

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ lè pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní Kabala Costain, nílùú Kaduna, lọ́dún 1994. Àsìkò ọyẹ́ ni, láàárín ìrun Alàásárì sí Mọ̀gàríbì. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Kò sí ẹni tó ń sùn, kò sí ẹni tó ń lálàá.

Oyèdélé ló ṣojú rẹ̀. Tíṣà físíìsì ni, àpọ́n ni, yàrá méjì ló sì háyà. Ó ń sùn nínú ọ̀kan. Àwọn ohun àtijọ́ ló ni èkejì. Rédíò onígílóòbù wà níbẹ̀, irú èyí tí ẹ máa tàn, tí ẹ máa wá fọwọ́ lẹ́rán dúró kí inú rẹ̀ gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Giramafóònù wà níbẹ̀, àti táípúrétà tí àwọn lẹ́tà rẹ̀ ti ń há. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya irú ìwé tí àwọn ará Íjíbítì ayé ọjọ́un ń kọ sára ògiri: ẹyẹ, ojú, omi tó ń ṣàn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń kí i ní "Sannu, Mai Gwangwan!" bí wọ́n ṣe ń kí àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri. Kì í bínú.

"Wèrè ìwádìí ni mí," ni yóò wí. "Àmọ́ wèrè tèmi kì í lé èèyàn."

Ó tún mọ àjàmí kà. Bóyá ẹ ò mọ èyí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kí àwọn òyìnbó tó kọ́ wa ní A, B, D, àwọn ààfáà Ìlọrin ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Ìkọ̀wé yẹn là ń pè ní àjàmí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Oyèdélé, síbẹ̀ ó lọ jókòó ti ààfáà kan ní àdúgbò Television fún ọdún méjì nítorí rẹ̀. Pásítọ̀ bi í pé kí ló ń wá lọ́dọ̀ ààfáà. Ó ní, "Lẹ́tà ni, sà." Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Bí Kaduna ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn, fún èmi tó mọ̀ ọ́n.

Nítorí àjàmí yìí ni Ìyá Gàfárù fi wá sílé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sidé kan. Hàwáwù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, opó Ààfáà Àbdùlkàrímù tó kú ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Abdulbaqi, ọmọ rẹ̀ kejì, ló tẹ̀ lé e. Ìyá náà di nǹkan mọ́ inú gèlè.

"Tíṣà, o kúulé o."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jókòó."

"Inú àpótí Ààfáà la ti rí i. Nísàlẹ̀ pátápátá. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Téèpù ni, inú páálí pẹlẹbẹ. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Irú téèpù tí wọ́n ń ká mọ́ kẹ̀kẹ́ ni, kí kásẹ́ẹ̀tì tó gbòde. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi àjàmí kọ sára páálí náà.

Gàfárù ni àkọ́bí wọn. Lọ́dún 1975, ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ Agadez lọ sí Líbíà láìgba àṣẹ bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀. Ààfáà ní kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́.

"Jímọ̀ọ̀ yìí la fẹ́ kírun òkú sí i lára, Tíṣà," Abdulbaqi wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún! Kí Màmá lè sinmi."

"Ṣé ìwọ lo bí i?"

"Haba, Màmá."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni mo bi ọ́."

Ìyá náà kọjú sí Oyèdélé.

"Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, màá mọ̀. Bí ó bá ti kú, kí wọ́n kírun. Bí kò bá tíì kú, ẹnikẹ́ni ò ní kírun òkú sí ọmọ mi lára. Kà á fún mi."

Oyèdélé gbé páálí súnmọ́ fèrèsé. Ó kà á sókè pé, "Láti ọwọ́ Gàfárù. Sí Hàwáwù, ìyá mi, ní Kaduna."

Ìlà kẹta nìyí: *Òun nìkan ni kó gbọ́ ọ.*

Kò kà á sókè. Ó yé e wàyí, ìdí tí bàbá fi tẹ téèpù ọmọ rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ó ti parẹ́, Màmá."

Kò parẹ́. Ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ẹni tí yóò mójú tó o. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó jù ú lọ ni pé ó fẹ́ gbọ́.

Abdulbaqi dìde. "Èmi ò lè jókòó gbọ́ ohùn òkú. Màá padà wá mú yín."

Oyèdélé ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ téèpù ńlá náà. Ó ṣàlàyé bó ṣe máa ń ṣàlàyé ní kíláàsì: ohùn lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára téèpù, ìyẹ̀fun yìí sì ti ń ṣí kúrò. "Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò sọ̀rọ̀, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀kan tó."

Ó tan iná. Òórùn eruku gbígbóná gba yàrá, òórùn tó fẹ́ràn jù láyé. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì ń yí. *Ṣììì.* Lẹ́yìn náà, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan.

"Àsàlámù àlékùm, Ìyá mi."

"Wàálékúmù sàlámù, ọmọ mi."

Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá fi téèpù ránṣẹ́ sílé á kí àgbà, á sì dákẹ́ díẹ̀ kí àgbà lè dáhùn. A kì í to ìkíni lé àgbà lórí bí ẹni tó ń to bíríkì. Oyèdélé ti gbọ́ irú téèpù bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán ni.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"O kú ìrìn."

"Ara yín ńkọ́?"

"Orúnkún ń dùn mí, Gàfárù."

*Ṣììì.*

"Èwo nínú méjèèjì?"

Oyèdélé yíjú wo kẹ̀kẹ́ téèpù. Ìyá náà kò tilẹ̀ mira.

"Ọ̀tún."

"Ẹ máa fi òrí pa á."

"Bàbá rẹ ti kú o."

"Mo ti gbọ́."

Nígbà náà ni téèpù tán. Ìdí rẹ̀ já bọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ kìíní, ó sì ń gbá ara ẹ̀rọ: pà, pà, pà. Oyèdélé wo ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka téèpù. Kò sí téèpù níbẹ̀ mọ́. Òfìfo ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gbọ́ ẹni tó ń mí.

Ìyá Gàfárù tẹ̀ síwájú.

"Wọ́n fẹ́ kírun òkú sí ọ lára. Ìwọ ni kó o sọ fún mi. Ṣé o wà láàyè?"

Fèrè ilé-iṣẹ́ aṣọ dún lọ́nà Kakuri, ó sì dákẹ́. Pà, pà, pà.

"Ìyá," ohùn náà wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ta ni ọkùnrin tó jókòó tì yín yẹn?"

Oyèdélé kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ pa ẹ̀rọ.

"Kí lo pa á fún?" Ohùn ìyá náà kéré bíi ti ọmọdé. "Ó fẹ́ dá mi lóhùn."

Ó tún un tàn. Ó ká téèpù padà. Ìyẹ̀fun dà sórí tábìlì. *Ṣììì*, kò sí ohun mìíràn. Nígbà náà ló ka ìlà kẹta fún un, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Ìyá náà kò bá a wí. "Ààfáà ọkọ mi náà kà á," ló sọ. "Ẹ̀yin ọkùnrin tó mọ̀wé."

Wọn kò kírun ní Jímọ̀ọ̀ náà. Abdulbaqi bẹ̀ ẹ́ títí.

"Màmá, kí ló sọ fún yín, wallahi?"

"Kò tíì sọ tán."

Lẹ́yìn ìyẹn, ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń wá lẹ́yìn Alàásárì. Yóò ní kí Oyèdélé tan ẹ̀rọ láìfi téèpù sí i, kó sì jáde. Oyèdélé á lọ dúró ní kọ́ríídọ̀. Ohùn ìyá nìkan ló ń gbọ́. Á kí, á dákẹ́, á dáhùn. Nígbà mìíràn, á rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ọmọ ni, Oyèdélé máa ń sọ fún ara rẹ̀. Kò sí ìwé físíìsì tó ta kò ó.

Ó di ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ilẹ̀ ń ta sánsán. Oyèdélé fara ti ògiri kọ́ríídọ̀, ó ń gbọ́.

"Rárá," ìyá náà wí nínú yàrá. "Kò sí níbí."

Ó dákẹ́.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Ó ń gbọ́ wa."

Yàrá náà pa rọ́rọ́. Ó pa rọ́rọ́ pẹ́ títí, bí ìgbà tí ẹnì kan kí èèyàn tó sì ń dúró de èsì, àmọ́ Oyèdélé ni wọ́n ń retí pé kó dáhùn, kì í ṣe Màmá.