Ohùn Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Ìtura

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ Ìtura kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn òkú ló fi sọ ọ́.

Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo Mọ́ńdè Àjíǹde, òun ló ń kó ará ìjọ láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí erékùṣù oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní Gálílì. Olóògbé Ṣówándé ni atukọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sà kún, tó gbé erékùṣù náà mì, ọkọ̀ jẹrà sínú ẹrẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Adúràgbèmí, ọmọ atukọ̀ náà, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló jí i dìde. Igi àhùtúnhù, pákó tó ń dàgbà bí ẹran ara, ló fi dí ibi tó jẹrà. Ó sì kó ohùn bàbá rẹ̀ láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú ọpọlọ-ẹ̀rọ tí yóò máa darí ọkọ̀. Òfin ìgbà náà ni pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbé èèyàn àfi tí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn gbà.

"Sọ́ọ̀lù náà wá ohùn òkú lọ sí Éńdórì," ni Màmá Fèyíṣàrá, ìyá rẹ̀, wí. "Ṣé ayọ̀ ló bá bọ̀?"

"Màámi, ẹ̀rọ lásán ni. Ẹ ṣáà wọlé, kí ìjọ má baà sọ pé ìyá mi gan-an ń sá fún iṣẹ́ mi."

"O ò ní pa mí o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé.

Èrò pé ogójì. Adúràgbèmí dúró sí èbúté pẹ̀lú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ọkọ̀ gbàdúrà bí Ṣówándé ti máa ń ṣe: "Ibi tí à ń gúnlẹ̀ sí láyé ọjọ́un, ibẹ̀ náà la ó gúnlẹ̀ sí lónìí!"

"Àmín!"

Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó délẹ̀. Ìwé Mímọ́ bi wá pé báwo lẹni tí kò mọ ohun tí a wí yóò ṣe ṣe àmín. Ṣùgbọ́n tiwa, ẹnu ti máa ń ṣáájú etí.

Nígbà tí ọkọ̀ dé ibi tí Gálílì wà nísàlẹ̀ omi, ó dúró. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu bí ẹja. Omi ń wọlé.

"Dúró!" Adúràgbèmí ké sínú ẹ̀rọ.

"Wọ́n ti ṣe àmín," ni ohùn bàbá rẹ̀ fèsì jẹ́jẹ́.

"Gbogbo yín, ẹ sọ pé ẹ ò gbà mọ́!"

Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan ti ń ké e ni ìjókòó rẹ̀ ń já kúrò, tó ń léfòó bí igbá, tó ń gbé e padà sí èbúté. Àwọn tó padà di mọ́kàndínlógójì.

"Màámi, ẹ sọ ọ́!"

"Ọmọ mi, ó pè mí. Orúkọ tí ò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì kankan ló fi pè mí."

"Ẹ̀tàn ni! Mo bẹ̀ yín!"

"Mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kí Olúwa ṣàánú mi."

Ọkọ̀ rọra wọlẹ̀ láìru omi sókè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rọ ọwọ́ Adúràgbèmí tó tún dún.

"A ti gúnlẹ̀ sí Gálílì o. Èrò kan ti sọ̀kalẹ̀."