Ìborùn Zeliha Lẹ́nu Géètì Ẹ̀rọ

Ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá sáyé ni ó ní ohun tí ó fi ń mọ ẹnìkejì rẹ̀. Ajá a máa fi imú mọ olówó rẹ̀. Àgùntàn a máa fi etí mọ ohùn darandaran. Ọmọ ọwọ́ pàápàá a máa mọ àyà ìyá rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n irin tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ti gbàgbé èyí, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Manavgat wa níbí, nílé ìfọṣọ kan tí ń fọ aṣọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì etí òkun.

Níbẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ìnura. Òun náà ni ó ń fún omi wọn dànù, tí wọn a sì dì pọ̀ bíi wàrà. Lẹ́yìn èyí ni kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní awakọ̀ yóò gbé wọn lórí irin lọ sẹ́nu àwọn ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ. Ọgbà onírin tí ó ní géètì yí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yìí ká. Ara pátákó iná ni kọ́kọ́rọ́ géètì náà ń gbé. Bí a bá yọ ọ́ níbẹ̀ láti fi ṣílẹ̀kùn, iná ẹ̀rọ ti kú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí iná bá kú, ẹ̀rọ kì í tètè jí. Nítorí èyí ni Dilaver, ọ̀gá wọn, ṣe ní kí wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn lọ́jà, tí ó sì fi wáyà so ó mọ́ géètì, kí wọ́n lè máa ṣí i láìpa iná. Gbogbo wọn ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Láti ìgbà náà, obìnrin tí ó bá fẹ́ wọlé lọ yọ aṣọ tí ó há yóò fi ìborùn tí ó fi ń nu òógùn kọ́ ẹnu géètì. Olúkúlùkù wọn ni ó ti fi abẹ́rẹ́ hun òdòdó tirẹ̀ sí etí ìborùn, nítorí náà gbogbo ènìyàn ni ó ń mọ ẹni tí ó wà nínú. Ata pupa wẹẹrẹ ni ti Zeliha. Nílẹ̀ wa, obìnrin tí inú ń bí sí ọkọ rẹ̀ ni í hun ata.

Níbi tí wọ́n ti ń mu tíì, wọ́n bi Zeliha pé, "Kí lọkọ ẹ ṣe fún ẹ tó ò fi bọ́ ata yìí kúrò lọ́rùn?"

"Ó lóun ò mọ nǹkan tóun ṣe. Kó máa wá a!"

Ẹ̀rín sọ. Sabri, ẹni tí ń tún iná ẹ̀rọ ṣe, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n Zeliha, mo rí i yín nínú géètì láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ ara pátákó iná ni kẹ́ ẹ máa yọ."

"O tún ti dé! Ṣé bí ẹ̀rọ ṣe dúró, o ò rí i ni?"

"Ó dúró ni, kò kú. Aṣọ tó já bọ́ ló bo ojú gíláàsì kékeré tó ń ṣọ́nà fún kẹ̀kẹ́. Tẹ́ ẹ bá mú un kúrò, á gbà pé ọ̀nà ti là."

"Mo mú un kúrò, mo sì jáde láyọ̀."

"Àwọn ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ló kún, kẹ̀kẹ́ ò ríbi lọ. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣófo ńkọ́?"

Dilaver dá sí i pé, "Sabri, ṣé báyìí náà lo ṣe ń bẹ̀rù ìyàwó ẹ nílé? Ó yá, ẹ dìde, aṣọ ń dúró."

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, nínú ooru oṣù kẹjọ, aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan tún bọ́ sójú irin. Zeliha fi ìborùn kọ́ géètì, ó wọlé. Nurdan, àbúrò rẹ̀ tí ń ṣọ́ àwọn bọ́tìnì tí a fi ń darí ẹ̀rọ, na ọwọ́ méjèèjì bo àwọn bọ́tìnì náà.

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o! Ata ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu géètì!"

Ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án. Zeliha bẹ̀rẹ̀, ó fa aṣọ náà yọ. Ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni ẹ̀rọ kan tú aṣọ gbígbẹ sílẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo. Kẹ̀kẹ́ gbéra pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó sì fún Zeliha mọ́ ara irin. Nurdan tẹ bọ́tìnì pupa tí ń dá ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Dilaver ń pariwo pé, "Ta ló tẹ̀ ẹ́? Ta ló tẹ bọ́tìnì tó mú kẹ̀kẹ́ gbéra?"

Nurdan fèsì pé, "Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá! Mo dúró tì í! Kò sẹ́ni!"

Sabri ni ó dáhùn níkẹyìn: "Òótọ́ ló ń sọ. Gbogbo wa la mọ ìborùn yẹn. Kẹ̀kẹ́ ni ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ó dúró kò sùn, ó ń retí ni. Ẹ pa iná rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ẹni tí ó wà nínú, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ fi wáyà so kọ́kọ́rọ́ mọ́ géètì, ẹ kọ̀ fún un, kí ẹ sì fi tó àwọn tí ń bójú tó ibi iṣẹ́ létí. Àmì tí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún kò já mọ́ nǹkan kan lójú irin.

Wọ́n sin Zeliha kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀. Dilaver ń jẹ́jọ́. Sabri gé wáyà náà, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nurdan ṣì wà nídìí bọ́tìnì, nítorí kò sí iṣẹ́ mìíràn. Ọkọ Zeliha ni wọ́n fa ìborùn rẹ̀ lé lọ́wọ́. Títí di òní, ó ń bi gbogbo ẹni tí ó bá aya rẹ̀ ṣiṣẹ́ pé kí ni òun ṣe tí ó fi hun ata, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni.