Aránbàtà Tó Hú Òdòdó Màmá Mi

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo bá a nínú ọgbà màmá mi, ó ń hú òdòdó wa.

"Olè!" Bí mo ṣe kí i nìyẹn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ó kàn lalẹ̀ hù ni."

Òdòdó náà jọ lílì, ó ga fíofío, ó funfun báláú. Tó bá kú lókè, gbòǹgbò rẹ̀ á tún hù lọ́dún tó ń bọ̀. Àwa ń gé e tà fún àwọn tó ń gbéyàwó àti olókùú. Aránbàtà ni òun ní tirẹ̀. Gbòǹgbò ló ń wá. Á sá a, á lọ̀ ọ́, á pò ó mómi, á di gọ́ọ̀mù tí ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà.

Kí èébú mi tó tán, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa wọ̀, ó fún mi ní ìyẹ̀fun gbòǹgbò náà kí n fi lẹ bàtà mi. Mo gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná. Màmá mi rò pé oúnjẹ ni, wọ́n dà á sómi gbígbóná. Ṣíbí dúró gbọn-in. Wọ́n fa ṣíbí, ìkòkò tẹ̀ lé e.

"Ta ló kó èyí wálé?"

"Aránbàtà ló fún mi, Màmá. Òun ló fẹ́ fẹ́ mi."

"Ẹni tó hú òdòdó mi! Ó tún wá fẹ́ lẹ ẹnu mi pọ̀, kí n má lè sọ pé rárá!"

Ẹ̀gbọ́n mi náà dá sí i: "Àárín bàtà olóòórùn ni wàá máa sùn."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá hú gbogbo òdòdó ọgbà, wọ́n lọ dà á síwájú ṣọ́ọ̀bù aránbàtà.

"Ohun tí o ń wá nìyí. Kó o, kí o fi ọmọ mi sílẹ̀!"

Ẹ̀rù bà mí. Tó bá fi lè gbà á, wọ́n ti fi mí ṣe pààrọ̀ nìyẹn.

Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó gbé e rù. Mo tẹ̀ lé e. Àṣé ọgbà wa ló ń lọ! Ó kúnlẹ̀, ó ń tún wọn gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá dúró tì í, wọ́n ń bú u.

"Olójú àtẹ́lẹ̀ bàtà! Apá bí igi gbígbẹ!"

"Ẹ ṣé, mà."

Ni orin bá bọ́ sí mi lẹ́nu:

*Gbìn ín o, olówó orí mi, gbìn ín,*
*Ilẹ̀ ò ní kọ̀ ọ́, èmi ò ní kọ̀ ẹ́.*

"Dákẹ́, aláìnítìjú!" Màmá yíjú sí i. "Èyí tún wọ́! Ṣé o fọ́jú ni, ọkọ ọmọ mi?"

Màmá fúnra wọn gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n pòṣé, wọ́n wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé gbàà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, Màmá fajú ro láti àárọ̀ títí a fi parí. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni kò gbọ́ràn, ó ń jó.